Àdúrà Tí Fóònù Gé Sí Méjì

Abúlé Òkè-Ọ̀sà,
Lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Moyọ̀sọ́rẹ ọmọ mi,

Kí ìwé yìí bá ọ lórí ìjókòó, kó bá ọ lẹ́yìn oúnjẹ, torí mo mọ̀ ọ́, bí ebi bá ń pa ọ́, o kì í gbọ́ àlàyé ẹnikẹ́ni. Olúwa tó ń sìn ọ́ láti Agric dé ilé iṣẹ́ ní gbogbo àárọ̀ kò ní fi ọ́ lé awakọ̀ tí kò sùn lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tí ẹ fi ń di ọṣẹ sínú páálí kò ní gba ìka lọ́wọ́ rẹ. Kí àwọn tí ẹ jọ ń wọ bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ náà máa dé ilé láyọ̀. Mi ò mọ orúkọ ọ̀kan nínú wọn, ṣùgbọ́n mo ti fi gbogbo wọn sínú àdúrà òwúrọ̀ mi, àwọn ará inú bọ́ọ̀sì Moyọ̀sọ́rẹ ni mo ń pè wọ́n, Olúwa mọ àwọn tí mò ń sọ.

Ara mi le. Adìẹ funfun pa ọmọ mẹ́fà, àṣá gbé méjì. Omi ọ̀sà ti kún dé ìdí àgbọn tí bàbá rẹ gbìn, Àǹtí Sìlífátù, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, sì ti kó àtẹ ẹja wọn kúrò níbẹ̀ wá sí ẹ̀yìnkùlé mi, nítorí náà gbogbo aṣọ mi ló ń rùn bí ẹja yíyan báyìí, títí kan èyí tí mò ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò bá wọn jà. Ọdún mẹ́ta ni mo ti wà ní abúlé yìí, láti ìgbà tí bàbá rẹ ti fẹ̀yìn tì tó ní ká kúrò ní Ìkòròdú wá sílé òun, kò sì ju oṣù mẹ́jọ lọ tó fi kú, tí mo wá di ìyàwó láàárín àwọn ará ilé ọkọ láìsí ọkọ. Wọ́n ń kí mi dáadáa. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé ibi tí wọ́n jókòó sí, wọ́n á kọ́kọ́ nu àga kí wọ́n tó ní kí n jókòó, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àlejò.

Ìpè rẹ ti Ọjọ́bọ̀ ló mú mi kọ̀wé. O ní Mọ́mì, kí lẹ ṣe yìí, gbogbo ayé ló ń wò yín nínú fóònù. O ní kí n tètè lọ bẹ Bàbá Sàlàkọ́ kó tó di Ọjọ́ Ìsinmi, torí ọwọ́ wọn ni lẹ́tà tí wọ́n fẹ́ bá ọ kọ sí káńsù wà, iṣẹ́ ìjọba tí o ti ń wá láti ọdún kẹta. Ariwo ọkọ̀ ibùdókọ̀ Benson ń bẹ lẹ́yìn rẹ. Mo ní jẹ́ kí n ṣàlàyé, o ní kò sí àlàyé, ohùn rẹ sì lọ. Ó pẹ́ tí mo di fóònù náà mú, tí mò ń sọ fún un pé Moyọ̀, Moyọ̀, bóyá o ṣì wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n kọ ọ́. Bí o bá tilẹ̀ fẹ́ bínú sí ìwé, wàá kọ́kọ́ kà á tán ná.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí abẹ̀bẹ̀. O mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì wa kò ní fáànù, páànù rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Nígbà tí ìdìbò káńsù ń sún mọ́lé, Bàbá Sàlàkọ́, tí wọ́n jẹ́ bàbá ìjọ wa, tí wọ́n tún jẹ́ alága fún ẹgbẹ́ òṣèlú Adéòjó ní wọ́ọ̀dù yìí, kó abẹ̀bẹ̀ wá fún gbogbo wa, ojú Adéòjó ló wà lára rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọmọ Jésù ni Adéòjó, pé Mùsùlùmí ni Lukman tí wọ́n jọ ń du ipò alága káńsù, pé bí Lukman bá wọlé, agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa kò ní dún mọ́. Ẹ̀rù bà mí títí mo fi rántí pé ìyá Lukman ló bá mi sunkún jù lọ́jọ́ tí a sin bàbá rẹ. Àwọn díẹ̀ nínú ìjọ tó fẹ́ràn Lukman lọ gba abẹ̀bẹ̀ tirẹ̀, òun kò rẹ́rìn-ín lára tirẹ̀, ó ń wo ènìyàn bí olùkọ́ ìṣirò. Bẹ́ẹ̀ ni ìjókòó ṣe pín, Adéòjó lápá ọ̀tún, Lukman lápá òsì, èmi nìkan lórí bẹ́ǹṣì àárín. Ìwé orin ni mo fi ń fẹ́ ara mi, ó sì wúwo. Ìbíjọkẹ́, ìyàwó Bàbá Sàlàkọ́, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ obìnrin wa, bi mí pé Màmá, ṣé ooru kì í mú yín ni? Mo ní ó ń mú mi o. Ó ní ẹ gba abẹ̀bẹ̀ kan nígbà náà. Mo ní mi ò lè máa fi ojú ọmọ ọlọ́mọ lé eṣinṣin. Ó rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ti parí síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pín fọ́ọ̀mù. Wọ́n ní ká kọ orúkọ, ká kọ nọ́mbà káàdì wa. Mo délé, mo yọ káàdì ìrìbọmi mi láti ìsàlẹ̀ àpótí, mo da nọ́mbà rẹ̀ kọ, mo tún kọ orúkọ àlùfáà tó rì mí bọmi sí i, kó má bàa sí àríyànjiyàn. Ẹni tó ń gba fọ́ọ̀mù padà wá lọ́jọ́ kejì, ó ní Màmá, kọ̀ǹpútà kò rí yín. Mo ní kó lọ wò ó dáadáa, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti kọ mí síbẹ̀. Ó ní káàdì ìdìbò lòun ń béèrè. Mo ní ta ló ń béèrè káàdì ìdìbò nínú ilé Ọlọ́run? Iwájú pẹpẹ, níbi tí a ti ń gba ara Olúwa, ni wọ́n ti pín in, èmi sì rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀run la ń kọ. Ó wò mí títí, ó lọ.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Adéòjó fúnra rẹ̀ wá ṣe ìdúpẹ́ pẹ̀lú èrò. O mọ àṣà wa, obìnrin tó dàgbà jù nínú ìjọ ló máa ń gbé ọwọ́ lé ẹni tó wá dúpẹ́, tí yóò gbàdúrà fún un. Èmi ni mo dàgbà jù. Ojú ń tì mí, torí o mọ̀ pé mi ò fẹ́ kí ènìyàn máa wò mí. Bàbá Sàlàkọ́ sọ sí mi létí pé Màmá, ẹ ní kí Adéòjó wọlé, kí ojú ti Lukman, kí ẹ sì pe orúkọ rẹ̀ kó ṣe kedere. Mo gbé ọwọ́ lé Adéòjó, orí rẹ̀ gbóná, ọrùn rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, mo wá rí i pé ẹ̀rù ń ba ọmọ náà. Mo bá a bẹ Olúwa kó fún un ní oorun, kó má jẹ́ kó purọ́ jẹun. Nígbà tó kan Lukman, mo la ẹnu láti sọ pé kí ojú tì í, ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Moyọ̀, kì í ṣe akin ni mo ń ṣe. Jésù tí mò ń sìn ni mo rò pé ó dúró níbẹ̀, tó ń gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ, ojú rẹ̀ sì ń tì mí ju ojú Bàbá Sàlàkọ́ lọ. Ni mo bá ní Olúwa, Lukman náà nìyí, ìwọ lo dá a, bùkún un, bí o bá sì fún un ní ipò, má jẹ́ kó fi pọ́n ẹnikẹ́ni lójú. Mo ní ìwọ nìkan ni ọba mi, mi ò ní ẹlòmíràn. Gbogbo abẹ̀bẹ̀ dúró.

Nítorí náà èyí tí o rí nínú fóònù kò pé. Ẹnìkan lápá òsì ló gbé fóònù sókè, ibi tí mo ti bùkún Lukman ló sì wà níbẹ̀, ti Adéòjó kò sí. Mo kọ́kọ́ rò pé fóònù náà ló sùn lọ nígbà tí mò ń gbàdúrà fún Adéòjó, tó wá jí nígbà tó kan Lukman. Mo tilẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni náà pé kó máa fi fóònù síná dáadáa ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Olùkọ́ mi, Waliyah, ló là mí lójú. Mo ti sọ fún ọ pé mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àgbà ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n ń kọ́ wa bí a ṣe ń lo fóònù àti bí a ṣe ń kọ fọ́ọ̀mù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti fọ́ọ̀mù ti pẹ́ jù fún mi. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo ń jókòó. Àwọn yòókù mọ ara wọn láti kékeré, wọ́n ń pe ara wọn ní orúkọ ìnagijẹ, wọ́n ń gbá ara wọn léjìká, èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Ìkòròdú. Waliyah wo fóònù náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní Màmá, kò sùn o, ẹnìkan ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé e. Mo ní kí ló gé, àdúrà? Ó ní àdúrà ni. Mo padà lọ jókòó. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò gbọ́ pé ènìyàn lè gé àdúrà bí ẹni gé ìlá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni fóònù dún, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ìbíjọkẹ́ ti yọ mí kúrò. Kò sọ ibi tí ó ti yọ mí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé e lọ bá Waliyah, mo bi í pé ṣé nínú ìjọ ni wọ́n ti yọ mí ni, àbí nínú ìwé ìyè. Ó ní rárá, nínú ẹgbẹ́ tí àwọn obìnrin ìjọ ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú fóònù ni. Ara mi fúyẹ́. Àfi nígbà tí mo délé. Tẹ́lẹ̀, fóònù yẹn máa ń dún ní ogún ìgbà láàárọ̀, wọ́n á fi òdòdó kí ènìyàn, wọ́n á ní ẹ kú àárọ̀, èmi náà á máa dá wọn lóhùn lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan látorí ibùsùn. Mi ò mọ̀ pé wọn kì í gbọ́ mi. Báyìí kò dún mọ́. Mo gbé e sórí tábìlì, mo ń wò ó bí ẹni ń retí adìẹ kó yé.

Ọjọ́rú ni ọjọ́ ìbí mi. Mi ò bá ọ wí o, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ fóònù dún, mo sáré, ilé ìfowópamọ́ ló kí mi! Wọ́n pe orúkọ mi tán, wọ́n fi orúkọ bàbá rẹ kún un, wọ́n ní kí ẹ̀mí mi gùn. Mo ra ẹja mẹ́rin lọ́wọ́ Àǹtí Sìlífátù, mo wé e sínú ìwé ìròyìn, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́ láti lọ dúpẹ́. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní ṣé ẹ fẹ́ gba owó ni? Mo ní rárá, mo fẹ́ rí ẹni tó rántí mi. Ó mú mi lọ bá ọmọbìnrin kan tó wọ híjáàbù, Mutmainah lorúkọ rẹ̀. Ó gbọ́ ẹjọ́ mi tán, ó wo ẹja, ó wò mí, ó ní Màmá, èmi ni mo rántí yín. Moyọ̀, mo mọ̀ pé kò mọ̀ mí rí, mo rí i lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ẹja náà, ó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo àwọn tó tò, ó ní ẹ ṣe é mà, ẹ máa pẹ́ fún wa. Mo jẹ́ kó jẹ́ òun ló rántí mi.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí o tó pè mí, àwọn ènìyàn Lukman wá. Wọ́n gbé ìrẹsì wá lórí ọ̀kadà méjì. Wọ́n ní kí n wá jókòó sórí pèpéle wọn ní Ẹ̀pẹ́, kí n sọ pé Kìrìsìtẹ́nì ni mí, Lukman sì ni mo fẹ́. Mo ní mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní a gbọ́ yín nínú fóònù. Mo ní ẹ lọ wá ìyókù rẹ̀, Adéòjó wà nínú èyí tí ẹ gé dànù. Ọ̀kan nínú wọn ní ha, ìyá yìí le o. Wọ́n gbé ìrẹsì wọn padà. Àǹtí Sìlífátù tó dúró ti ẹja wọn nínú èéfín ní ìyàwó wa, ṣọ́ọ̀ṣì ò fẹ́ ọ, o tún lé ìrẹsì lọ, ta ló kù? Wọ́n ní kí n jọ̀wọ́ má tíì lé àwọn, ẹja àwọn kò tíì gbẹ. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, bóyá èéfín ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Bàbá Sàlàkọ́ wá fúnra wọn. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú, àwọn ló di orí pósí bàbá rẹ mú. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ níwájú ìjọ lọ́la, kí n sọ pé mo ṣì í sọ, pé ọjọ́ orí ló ń dà mí láàmú, wọ́n á sì buwọ́ lu lẹ́tà Moyọ̀sọ́rẹ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Wọ́n ní bí mi ò bá sọ ọ́, kí n má gbàdúrà níwájú ìjọ wọn mọ́, kí n sì má retí lẹ́tà. Nígbà tí wọ́n lọ, mo gbìyànjú rẹ̀ wò. Mo dúró níwájú àwọn adìẹ, mo ní ẹ jọ̀wọ́, mo ṣì í sọ. Ó jáde geere. Mi ò ní purọ́ fún ọ, mo ti pinnu láti sọ ọ́, ojú rẹ ni mo ń rí, inú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ yẹn, tí o sùn lórí fèrèsé.

Nígbà tó di àná, pásítọ̀ pè mí jáde. Mo kúnlẹ̀ síwájú pẹpẹ. Wọ́n gbé fóònù mẹ́ta sókè, mo kà wọ́n. Mo la ẹnu láti sọ gbólóhùn yẹn, àfi bí mo tún ṣe rò pé Jésù dúró níbẹ̀. Mo wá ní bí mo bá ti dun ẹnikẹ́ni, kó foríjì mí. Lẹ́yìn náà mo tún àdúrà náà gbà, mo ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bí Waliyah ṣe ń pe ọ̀rọ̀ fún wa láti kọ, kí fóònù lè rí i gbà tán. Mo pe Adéòjó, mo pe Lukman, mo pe Bàbá Sàlàkọ́ àti Ìbíjọkẹ́, mo pe àwọn onífóònù. Mo ní Olúwa, mi ò lè bẹ̀ ọ́ kí o dójú ti ẹni tí o kú fún.

Mo wá dúró de Àmín. Ní ìjọ wa, ẹni tó bá gbàdúrà lórí ìkúnlẹ̀ kì í dìde títí ìjọ á fi ṣe Àmín. Mo dúró. Mo gbọ́ ìró abẹ̀bẹ̀ lọ́tùn-ún, mo gbọ́ ọ lósì. Ewúrẹ́ kan ké níta. Pásítọ̀ wúkọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin, wọ́n kọ ọ́ lórí mi kọjá. Wọ́n gbé igbá ọrẹ dé ọ̀dọ̀ mi lórí ìkúnlẹ̀, mo sọ tèmi sí i. Ó pẹ́ kí n tó rí ẹsẹ̀ Ìbíjọkẹ́ níwájú mi. Ó fi ọwọ́ sí abẹ́ apá mi, ó gbé mi dìde, kò sì tètè yọ ọwọ́ rẹ̀. Mo padà sórí bẹ́ǹṣì àárín. Kò sí ẹni tó ṣe Àmín.

Nítorí náà, ọmọ mi, lẹ́tà rẹ kò ní jáde. Bàbá Sàlàkọ́ ya á lójú mi lẹ́yìn ìsìn. Èmi ni mo fà á, mi ò sì ní dá ẹlòmíràn lẹ́bi. Ìwọ ni mo ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe nítorí ohun tí mo sọ, bí kò ṣe nítorí pé ìwọ ló máa san án.

Ojú ń tì mí láti béèrè, ṣùgbọ́n òjò ti gbé páànù kan lórí ilé ìdáná. Bí ó bá rọrùn fún ọ, fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́. Jọ̀wọ́ má fi sínú fóònù, wọ́n ti yọ mí kúrò níbẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á jẹ́ kí n wọlé mú un. Fi rán awakọ̀ Ẹ̀pẹ́ tó máa ń gbé ẹja Àǹtí Sìlífátù. Bí kò bá sì rọrùn, ìwọ fúnra rẹ máa bọ̀ lọ́wọ́ òfo, mo ṣì ní ìkòkò.

Ó ku àdúrà tèmi fún ọ. Olúwa, Moyọ̀sọ́rẹ ọmọ mi nìyí. Wá iṣẹ́ fún un tí wọn kò ní sọ pé kí ìyá rẹ̀ ṣépè fún ẹnìkan kó tó wọ ibẹ̀. Bí inú bá ń bí i sí mi, máa ṣọ́ ọ nínú ìbínú náà títí yóò fi délé. Má jẹ́ kó dá nìkan wà bí mo ṣe wà yìí, bí ó bá sì dá wà, kí ó bá ọ níbẹ̀.

Bí o bá kà á dé ibí, bóyá ní Agric, bóyá nínú bọ́ọ̀sì, má wo ojú ẹnikẹ́ni, ṣe Àmín, kó jáde lẹ́nu. Mi ò ní gbọ́ ọ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò tíì dìde.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.